Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Bàbá kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ láti Òṣogbo, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ìjà kan. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS 2 kọ ọ́ nínú ìdánwò pé Òkè Dimlang ló ga jù ní Nàìjíríà. Olùkọ́ fi báírò pupa fa igi sí i, ó ní Chappal Waddi ni. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà, torí ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn, Vogel Peak là ń pè é láyé ìgbà tiwa. Ẹnìkan ládùúgbò tún ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé Jos ló ga jù. Mo ti gun Òkè Ìdànrè dé orí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ Chappal Waddi rí láyé mi. Báwo ni òkè ṣe máa ga jù lórílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n? Ṣé ó tiẹ̀ wà lóòótọ́? Tó bá wà, ṣé mo lè mú ọmọ yìí lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi Kérésì?"

Ẹ jẹ́ kí n tètè já a, kí ẹ lè fọkàn balẹ̀ ka ìyókù: olùkọ́ ọmọ yín ló jàre. Chappal Waddi, tí wọ́n tún ń pè ní Gangirwal, ló ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, 2,419 mítà láti ojú òkun. Ó wà, kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ara yín, ẹ má sì bá ọmọ wí, torí èmi gan-an tí ẹ ń bi ti ṣe ju yín lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gírámà ní jọ́gíráfì pé Vogel Peak ni, ẹni tó bá sì kọ nǹkan mìíràn, igi pupa ló ń gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló gbé máàpù ńlá kan wá lọ́jọ́ kan. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó fi ìka kan 2,042, gíga Vogel Peak ní mítà, ó sì fi ìka ọwọ́ kejì kan nọ́ńbà mìíràn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tó ju ìyẹn lọ. Mo ní kó ká a, pé máàpù náà máa ń ṣàṣìṣe. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá ibi tí máàpù yẹn ti ṣàṣìṣe. N kò rí i.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Dimlang àti Vogel Peak, òkè kan náà ni. Orúkọ ará Jámánì kan, Eduard Vogel, tó rin ìrìn àjò la apá ibẹ̀ kọjá láàárín ọdún 1853 sí 1856, ni wọ́n fi sọ òkè náà, kó tó di pé orúkọ ìbílẹ̀ rẹ̀ padà sínú ìwé. Ó wà nínú ọ̀wọ́ òkè Shebshi, lápá ibi tí Tàràbá àti Adamawa ti pàdé, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 2,042 mítà. Òkè ńlá ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n Chappal Waddi fi 377 mítà jù ú lọ, ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn pé ta ló wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun tí mo rò pé ó gbé Dimlang wọ inú ìwé ni pé ó ṣeé rí. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti àfonífojì Benue máa rí Shebshi tó dúró gangan níwájú rẹ̀. Chappal Waddi fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn òkè mìíràn, ní igun ibi tí Nàìjíríà ti parí. Ìwé kan kọ ọ́, ìwé mìíràn ṣàdàkọ ìyẹn, olùkọ́ ka ìwé kejì, èmi náà sì gbé e dúró síwájú pátákó.

Ti aládùúgbò yín tó ní Jos ni, otútù ló ń tàn án. Ìlú Jos fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bí 1,200 mítà, àwọn òkè Shere tó wà nítòsí rẹ̀ ló ga tó nǹkan bí 1,800. Òkè títẹ́ pẹrẹsẹ ni Jos, ìlú kún orí rẹ̀, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ irú òkè títẹ́ bẹ́ẹ̀ là ń bèèrè, Mambilla tó wà ní Tàràbá ló ṣì máa gbà á, torí ilẹ̀ ọ̀hún lápapọ̀ wà ní nǹkan bí 1,600 mítà. Ṣóńṣó orí òkè kan ṣoṣo lọ̀rọ̀, ilẹ̀ tó ga tẹ́ rẹrẹ lọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yìn Mambilla yìí gan-an ni Chappal Waddi wà.

Ó wá ku ti Ìdànrè, èyí tí mo mọ̀ pé ó dùn yín jù. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tí orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gbà pé òkè tí òun gùn kò tó 1,000 mítà láti ojú òkun. Kì í ṣe pé ojú yín purọ́. Ìdànrè jẹ́ apáta ìhòòhò tó yọ lójijì láti inú igbó, ẹ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ ẹ rí gbogbo gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo ọkùnrin gíga kan tó dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ wá wo ọmọdé tó dúró sórí tábìlì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ọkùnrin yẹn lẹ máa pè ní gíga, àmọ́ orí ọmọ yẹn ló súnmọ́ òrùlé jù. Ojú òkun ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n òkè, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ènìyàn tó débi tí yóò ti nawọ́ sí Chappal Waddi pé òun nìyẹn, ó ti gun ilẹ̀ lọ sókè gan-an láìfura. Èyí tó kù láti gùn, koríko, ẹ̀gbẹ́ òkè tó rọra ń dagun, àti ìkùukùu. Kò ní ojú tó ń dẹ́rù bani bí ti Zuma tàbí Ìdànrè, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sí ara kàlẹ́ńdà.

Ibi tó wà gan-an ni igun gúúsù ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Tàràbá, ní bèbè ààlà Kamẹrúùnù, nínú páàkì ìjọba Gashaka-Gumti. Ọdún 1991 ni wọ́n so igbó ọba Gashaka pọ̀ mọ́ ti Gumti tó fi di páàkì, ó sì fẹ̀ ju 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, kò sí páàkì ìjọba tó tóbi tó o ní Nàìjíríà. Apá kan rẹ̀ bọ́ sí Tàràbá, apá kejì bọ́ sí Adamawa. Igbó dúdú wà lẹ́bàá odò, ilẹ̀ ọ̀dàn wà nísàlẹ̀, koríko kúkúrú ló gba orí òkè. Ìnàkí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee wà níbẹ̀, irú èyí tí kò sí níbòmíràn àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn onímọ̀ ẹranko sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn ní nǹkan bí ọdún 2000 ní ibùdó tó ń jẹ́ Kwano. Èdè Fúlàní ni "chappal", ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni òkè títẹ́ tí màlúù ti ń jẹ koríko. Tẹ́ ẹ bá sọdá sí Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi Faransé kọ ní "Tchabal": Tchabal Mbabo wà lódìkejì níbẹ̀, ó tó nǹkan bí 2,460 mítà, tó fi díẹ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀wọ́ òkè kan náà ni, àwa la wá fi ààlà gé e. Ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti máa kọ pé "Òkè Ikú" ni ìtumọ̀ orúkọ Gangirwal. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ba ọmọ lẹ́rù, àwọn darandaran ń da màlúù kiri apá ibẹ̀ tọmọtọmọ.

Ìdí tó wù mí jù láti ṣàlàyé nípa àìgbajúmọ̀ òkè yìí kò sí nínú ìwé jọ́gíráfì rárá, inú ìwé ìtàn ló wà. Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà kò tíì sí ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gashaka àti Mambilla wà lára Kamẹrúùnù tí Jámánì ń ṣàkóso títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì pín sí Gúúsù àti Àríwá, wọ́n ń bójú tó o pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Nàìjíríà. Oṣù kejì ọdún 1961 ni wọ́n dìbò: Gúúsù lọ bá Kamẹrúùnù, Àríwá ní Nàìjíríà làwọn ń bá lọ, wọ́n sì dara pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Sardauna, oyè tí wọ́n ń pe Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá Nàìjíríà nígbà náà, ni wọ́n fi sọ ìgbèríko tuntun náà, ó sì ṣì wà lára orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Sardauna tí Gembu jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn kò lè ka òkè yìí mọ́ Nàìjíríà. Bàbá mi ti bí mi kí òkè yìí tó di ọmọ Nàìjíríà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ sọ fún ọmọ, torí ó máa yé e ju nọ́ńbà lọ. Omi tó ń sàn láti àwọn òkè wọ̀nyí ń wọ odò Tàràbá, Tàràbá ń gbé e fún Benue, Benue ń lọ pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja. Òjò tó bá rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Chappal Waddi lósù kẹjọ máa kọjá lábẹ́ afárá Onitsha kó tó wọ òkun. Odò Donga náà ti orí Mambilla sọ̀kalẹ̀, òun ni ìjọba ti ń sọ láti nǹkan bí ọdún 1972 pé àwọn máa fi pèsè iná mànàmáná, 3,050 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ sínú ìwé. Iná ọ̀hún kò tíì tàn, ẹ̀yin náà mọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2006 ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, àwa márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ páàkì kan àti ọmọkùnrin Fúlàní kan tó mọ ọ̀nà. Serti la ti gbéra, níbi tí ọ́fíìsì páàkì wà, a gba abúlé Gashaka, láti ibẹ̀ ẹsẹ̀ ló kù. Ọjọ́ kẹrin la dé orí rẹ̀. Ohun tí mo rántí jù kì í ṣe orí òkè. Òkè tí kì í ṣe òun ni mo rántí. A gun ọ̀kan, mo jókòó, mo ní a ti dé, mo tiẹ̀ ti bọ́ bàtà. Ọmọkùnrin yẹn kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òmíràn tó ga jù níwájú. A gun ìyẹn náà, ó tún gbé ọ̀pá sókè. Nígbà tí a wá dé èyí tó jẹ́ òun gan-an, n kò bọ́ bàtà mọ́, mo ń wo ọ̀pá. Koríko tó ti gbẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú apáta díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń gbá fìlà lọ. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní Kamẹrúùnù nìyẹn. Koríko kan náà ni mo rí níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn màlúù méjì kan tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ìwé ìrìnnà. Ọyẹ́ ti bo ọ̀nà jíjìn, a kò rí ju òkè mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn lọ, èyí tó jìnnà jù funfun bí ẹ̀fun.

Otútù ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín: bí ènìyàn bá gun 1,000 mítà, ojú ọjọ́ máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 7 tutù sí i. Tó bá mú ìwọ̀n 30 létí òkun, nǹkan bí 15 ni kí ẹ máa retí lórí Chappal Waddi lọ́sàn-án, kí afẹ́fẹ́ tó dá sí i, ká má tíì sọ ti òru. Ìrì bo ara ìgò omi tí mo gbàgbé síta, mo rò pé ẹnì kan ló da omi sí i lára. Afẹ́fẹ́ tún fúyẹ́ níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun, ẹni tó bá sáré máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, ṣùgbọ́n kò tíì ga débi tí àìsàn òkè gíga ti sábà máa ń mú ènìyàn. Torí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ yìí, omi kì í dúró dé ìwọ̀n 100 kó tó hó. Orí òkè yẹn, nǹkan bí 92 ló ti ń hó. Ẹnì kan nínú wa gbé ẹ̀wà dání. A se é nísàlẹ̀ orí òkè láti ìrọ̀lẹ́, a jẹ gààrí sùn, àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ̀wà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí eyín kàn án.

Ṣé kí ẹ mú ọmọ lọ ní Kérésì? Ní ti àsìkò, ẹ ò ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà, ẹsẹ̀ kì í yọ̀. Lásìkò òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, odò máa ń dí ọ̀nà Gashaka, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá síbẹ̀. Àléébù Kérésì ni pé ọyẹ́ lè bo gbogbo ohun tí ẹ wá wò. Ní ti ọmọ JSS 2, mo máa sọ òótọ́ fún yín: èmi ò ní mú un lọ. Kì í ṣe pé gígùn rẹ̀ le, kò sí ibi tí ènìyàn ti nílò okùn. Jíjìn rẹ̀ ni mo ń sọ. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta padà, kò sí ọlọ́kadà tó máa gbà á lórí àwọn òkè yẹn. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà ńbẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́dún 2006 ni mo lè jẹ́rìí sí. Ọ̀nà apá ibẹ̀ ti yí padà, àwọn ọdẹ tó ń pa ẹran lọ́nà àìtọ́ ti dojú ìbọn kọ ẹ̀ṣọ́ páàkì, ìjínigbé náà sì wà. Ọ́fíìsì páàkì ní Serti nìkan ló lè sọ fún yín bóyá ọ̀nà ṣí lóṣù tí ẹ fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má wá ẹlòmíràn tó máa ní ẹ máa bọ̀. Láìsí ẹ̀ṣọ́ wọn, ẹ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ọ̀nà dára, ohun tí mo máa ṣe ní ipò yín ni kí n gba ojú títì lọ sí Gembu dípò kí n fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà náà gba Serti, ó dé Mayo Selbe, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun ògiri òkè Mambilla, kọ́ńà lórí kọ́ńà, etí ènìyàn á sì máa dí, á máa ṣí. Láàárín wákàtí kan ọmọ máa bọ́ kúrò nínú ooru sínú otútù tó nílò súwẹ́tà, yóò sì rí oko tíì lórí òkè ní Kakara. Ìyẹn á kọ́ ọ ní ohun tí gíga láti ojú òkun jẹ́ ju ìwé èyíkéyìí lọ. Tí owó tàbí ààbò kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ mú un padà sí Ìdànrè, kí ẹ jẹ́ kó dúró lókè kó fojú inú to Ìdànrè mìíràn lé e lórí, kó tún to bí ìdajì òmíràn sí i. Ibi tó bá dé ni Chappal Waddi wà.

Ọ̀kan kù tí olùkọ́ náà lè tún fi dán an wò, torí mo ti rí i nínú ìbéèrè ìdánwò: ṣé òun ló ga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Lórí ilẹ̀ tó so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni. Bintumani ti Sierra Leone tó tẹ̀ lé e lẹ́nu àwọn ènìyàn kò ju 1,945 mítà lọ. Òkè Kamẹrúùnù tó ju 4,000 lọ, Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ń kà á mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka erékùṣù mọ́ ọn, Pico do Fogo ní Cape Verde gba ipò náà, 2,829 mítà, òkè oníná sì ni. Kí ọmọ kọ méjèèjì sílẹ̀, kó jẹ́ kí olùkọ́ mú èyí tó bá fẹ́.

Tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ṣì ń bèèrè nípa òkè náà, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Bàtà tí mo wọ̀ lọ ṣì wà nílé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣí, àmọ́ alátùn-únṣe kan ní ilé ìtajà ìsàlẹ̀ wa ní òun lè rán an.